“Ará Ni Wá” Kì í Ṣe Rìsíìtì

   

Àrùn kan ń bẹ láàárín àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá tí a ti gbé ẹ̀wù ìwà ọmọlúàbí wọ̀ fún. Bí Mùsùlùmí bá gbé iṣẹ́ fún Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí oníṣẹ́ sì mú tákàdá àti gègé jáde láti kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, ojú ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá yóò kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Yóò ní: “Ṣé o kò gbà mí gbọ́ ni? Ṣebí ará ni wá!” Ojú yóò ti oníṣẹ́, yóò ká tákàdá rẹ̀ kò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí ó bá di pé kí a san owó, ìjà yóò dé, àwọn ará méjèèjì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kírun ní mọ́sálásí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó má kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ̀sìn náà gan-an ni ó ń tàpá sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣómólú ní ìlú Èkó jẹ́ ojúkò àwọn atẹ̀wé. Ká sọ pé ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kan tọ ọ̀dọ́mọkùnrin atẹ̀wé kan lọ níbẹ̀, wọ́n fẹ́ kàlẹ́ńdà 1,000. Wọ́n dá iye, wọ́n sì san ìdajì owó sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tẹ̀ ẹ́ láago pé kí ó fi àwòrán kún un, kí ó sì sọ ọ́ di aláwọ̀ mẹ́rin. Alága, tí kò mọ̀ pé akọ̀wé ti pè é, tún ránṣẹ́ sí i pé kí ó tẹ 200 sí i. Kí ó tó ra bébà, owó bébà ti gbéra. Nígbà tí ínfọ́ìsì dé iwájú ìgbìmọ̀, akápò wò ó, ó ní: “Èyí kọ́ ni iye tí a jọ sọ.” Òótọ́ ni ó sọ, iye tí wọ́n jọ sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ni. Atẹ̀wé dáhùn pé: “Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n fi kún un.” Òótọ́ ni òun náà sọ. Òtítọ́ méjì dojú kọ ara wọn, kò sì sí ewé tákàdá kan ṣoṣo tí yóò là wọ́n.

Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí owó iṣẹ́ ni kò ní òpùrọ́ nínú. Ìgbàgbé ni, tàbí kí ẹni méjì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà méjì. Ọkàn ẹni tí yóò gba owó a máa rántí èyí tí ó pọ̀, ọkàn ẹni tí yóò san án a sì máa rántí èyí tí ó kéré, láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn mọ̀ọ́mọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣàtánì ni ó máa ń wọ àárín wọn tí yóò sọ fún olúkúlùkù pé òpùrọ́ ni ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ ṣí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sí Suratul-Baqarah, áyà 282. Kò sí áyà tí ó gùn tó o nínú gbogbo Àlùkùránì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Háàjì: ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń sọ pé nǹkan òyìnbó ni ìwé owó, kí ó wá sọ fún wa bóyá òyìnbó ni ó sọ áyà yìí kalẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ òdodo ni Ọlọ́hun pè nínú rẹ̀, kì í ṣe àwọn olè. Ó pa wọ́n láṣẹ pé bí wọ́n bá ń ṣe káràkátà tí owó rẹ̀ di ọjọ́ iwájú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú déédéé. Kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí sí i. Kí ó má sì ṣe sú wọn láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi, títí dé ọjọ́ tí a dá fún sísan rẹ̀. Ọjà ojú ẹsẹ̀ nìkan, èyí tí ọjà ń lọ tí owó ń bọ̀, ni Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí a kò bá kọ ọ́. Ó sì sọ ìdí àṣẹ náà fún wa: kíkọ sílẹ̀ ni ó bá déédéé mu jù lọ lọ́dọ̀ Rẹ̀, òun ni ó mú ẹ̀rí dúró gbọn-in jù lọ, òun ni ó sì súnmọ́ jù lọ pé kí a má baà ṣe iyèméjì. Iyèméjì yìí gan-an ni ó wà láàárín atẹ̀wé àti akápò.

Ohun kan tún wà nínú áyà náà tí ọ̀pọ̀ àáfà wa máa ń sáré kọjá lára rẹ̀ nígbà wáàsí. Ta ni Ọlọ́hun ní kí ó máa pe ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé yóò kọ? Kì í ṣe ẹni tí a jẹ ní owó. Ẹni tí ó jẹ owó ni, òun ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, láìdín ohunkóhun kù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ínfọ́ìsì tí o dá kọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, ohùn tìrẹ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè ni, kò ì tíì di ẹ̀rí. Ohun tí oníbàárà fúnra rẹ̀ sọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí a kọ, tí ó sì fọwọ́ sí, ni ẹ̀rí. Ó sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé òfin orílẹ̀-èdè yìí náà gba ibẹ̀ lọ. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 51, gbà kí a mú ìwé ìṣirò tí oníṣòwò ń kọ déédéé wá sí ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìwé náà nìkan kò tó láti di gbèsè ru ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò dìde báyìí, wọn yóò ní àwọn onímọ̀ kò sọ pé ọ̀ranyàn ni kíkọ gbèsè sílẹ̀. Òótọ́ ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ fiqh gbà pé ohun tí Ọlọ́hun fẹ́ fún wa ni, wọ́n sì fi áyà 283 tí ó tẹ̀lé e gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ nípa kí apá kan fi ọkàn tán apá kejì. Imam Tabari àti Ibn Hazm ní tiwọn kà á sí ọ̀ranyàn. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyàtọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn onímọ̀ náà ni ó sọ pé kí a máa fi ojú burúkú wo ẹni tí ó bá kọ ọ́? Pákò rírun kí a tó kírun kì í ṣe ọ̀ranyàn; ǹjẹ́ a máa ń bínú sí ẹni tí ó bá run pákò? Áyà 283 tí wọ́n sì gbé lọ́wọ́ yìí, ẹni tí a fi ọkàn tán ni ó di ẹrù lé lórí, pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun kí ó sì dá ohun tí a fi tán an padà. Kò sọ pé kí ó máa fi ìfọkàntán náà halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ni owó.

Ta ni ó ṣeé fọkàn tán ju Ànábì lọ? Abu Dawud àti Nasa'i gba ìtàn yìí wá. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ra ẹṣin kan lọ́wọ́ Lárúbáwá ará oko kan, ó sì ní kí ó máa tẹ̀lé òun kí òun lọ san owó rẹ̀. Ọ̀nà kò tíì parí tí àwọn tí kò mọ̀ pé ọjà ti wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí ná ẹṣin náà. Ni ọkùnrin náà bá sẹ́. Ó ní òun kò tà á, ó sì ní kí Ànábì mú ẹlẹ́rìí wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni a ń béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ rẹ̀ yìí! Kò sì fi agbára ipò rẹ̀ pa ọkùnrin náà lẹ́nu mọ́. Khuzaymah ibn Thabit ni ó dìde tí ó jẹ́rìí, Ànábì sì ka ẹ̀rí rẹ̀ sí ẹ̀rí ẹni méjì. Bí ènìyàn bá lè jiyàn ọjà pẹ̀lú Ànábì, ta ni ìwọ télọ̀, ìwọ káfíńtà, tí o rò pé kò sí ẹni tí yóò bá ọ jiyàn? Bákan náà, nígbà tí Al-Adda ibn Khalid ra ọjà lọ́wọ́ Ànábì, wọ́n kọ ìwé lórí rẹ̀: orúkọ ẹni tí ó rà á, orúkọ ẹni tí ó tà á, àti pé ọjà náà kò ní àrùn tàbí ẹ̀tàn nínú. Inú àkójọ Imam Tirmidhi ni ó wà. Al-Adda kò bínú pé a kò fọkàn tán òun, Ànábì náà kò sì bínú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àṣà Yorùbá ni kò fẹ́ àkọsílẹ̀. Ìyá aláta tí kò mọ̀-ọ́n-kọ, tí kò mọ̀-ọ́n-kà, kì í fún alájọ ní owó láìjẹ́ pé alájọ sàmì sí káàdì lójú rẹ̀. Ojú ilé 31 ni ó wà lórí káàdì náà. Ó mọ èyí tí ó jẹ́ ti alájọ, ó sì mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. A kò rí alájọ tí ó sọ fún un pé, “Màmá, ṣé ẹ kò gbà mí gbọ́ ni?” Ẹ fi èyí wé àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ru aṣọ kiri tà ní àwìn láyé àtijọ́. Òṣómàáló ni a sọ wọ́n, nítorí ìhàlẹ̀ wọn pé ní ìlóṣòó ni àwọn yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. A kò bú wọn. Akíkanjú oníṣòwò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé tí yóò bá a sọ̀rọ̀, ariwo ojúde àti ìtìjú ni ó kù fún un láti fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń ṣe é títí di òní, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé orí fóònù ni wọ́n ti ń lóṣòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dùn wá jù ni ti àwọn ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa. Àwọn ni ó yẹ kí wọ́n jẹ́ àwòkọ́ṣe, àwọn ni wọ́n sì burú jù lọ níbi àìkọ-nǹkan-sílẹ̀. Wọn yóò gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, wọn yóò yí iṣẹ́ náà padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nígbà tí ó bá sì béèrè owó, wọn yóò ní kí ó gbà á lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, pé fi sabilillaah ni. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ fún ojú rere Ọlọ́hun, kí a sọ ọ́ kí ó tó mú irinṣẹ́. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí iṣẹ́ parí kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ sàdáká, owó olówó ni ó ń jẹ ní ọ̀nà àìtọ́, kò sì sí irùngbọ̀n tàbí jalábíà tí yóò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ànábì sọ pé àbòsí ni kí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa fi gbèsè falẹ̀. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Ẹgbẹ́ tí owó wà ní báńkì rẹ̀ tí ó ń sọ fún atẹ̀wé pé kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, inú hádíìsì yìí ni ó wà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní àṣẹ láti gbé iṣẹ́ síta àti láti yí i padà, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àdéhùn, kí alága má máa ránṣẹ́ lọ́tọ̀ kí akọ̀wé máa tẹ ago lọ́tọ̀.

A kò ní ṣàì bá àwọn oníṣẹ́ náà wí. Ìwé kì í sọ irọ́ di òtítọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ ínfọ́ìsì kọ ju bí wọ́n ti mọ iṣẹ́ ṣe lọ: wọn yóò kọ bébà tó nípọn, wọn yóò lo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn yóò kọ yáàdì mẹ́fà, wọn yóò rán márùn-ún. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ti ṣèlérí ègbé fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Nínú hádíìsì tí Ummu Salamah gbà wá, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, Ànábì kìlọ̀ pé ènìyàn ni òun, ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n gbé ẹjọ́ wá lè mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnì kejì lọ, bí òun bá sì dá ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ fún un, ègé iná kan ni òun gé fún un. Bí ìdájọ́ Ànábì kò bá lè sọ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn di halali fún ọ, ṣé ìwé tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ni yóò sọ ọ́ di halali?

Báwo wá ni kí a ṣe é? Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kọ déètì, orúkọ, irú iṣẹ́, iye tí yóò jẹ́, àwọn ohun èlò tí o máa lò, iye owó, àsansílẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí àti ọjọ́ tí owó yóò pé. Ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ oníbàárà, kí ó sì fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, oníṣẹ́ tí ó dá iye láìsọ iye ọjọ́ tí iye náà fi dúró ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Nítorí náà kọ ọ́ pé iye yìí dúró fún ọjọ́ 7 tàbí 14, bí ó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, tọ oníbàárà lọ kí o tó ra ohun èlò, má ṣe dúró di ìgbà tí o ti rà á. Àyípadà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú déètì àti iye tí ó fi kún un. Bí àyípadà bá wá láti orí fóònù, fi ìwé ránṣẹ́ padà lórí WhatsApp ní kíá: “Ẹ ní kí n tẹ 200 sí i, iye rẹ̀ yóò jẹ́ báyìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Dúró de ìdáhùn kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Kí o sì dà á kọ sínú ìwé rẹ, nítorí fóònù a máa sọnù, olè a máa jí i, ẹni tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ lè pa á rẹ́. Nígbà tí o bá gbé iṣẹ́ lọ, kí ẹni tí ó gbà á kà á, kí ó fọwọ́ sí iye tí ó kà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọn yóò kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò wá já iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ tàbí ọmọ kékeré ilé.

Bí àríyànjiyàn bá wá dé, má ṣe pariwo, má sì ṣe gbé e lọ sí ojú gbogbo ayé. Béèrè pé ìlà wo gan-an nínú ínfọ́ìsì ni kò tẹ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tí ó ní “gbogbo rẹ̀” kò tíì kà á. Mú ìwé tí ó bá ìlà náà mu síwájú rẹ̀. Gba owó ìlà tí kò ní àríyànjiyàn, kí o fún un ní rìsíìtì tí ó sọ ọ́ kedere pé apá kan ni ó san àti pé èyí báyìí ni ó kù. Bí ìwé bá sì fi hàn pé ìwọ ni o ṣèṣì, tún ínfọ́ìsì náà kọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá lè parí rẹ̀, ẹ pe ẹni méjì tí ẹ jọ gbà. Òfin ẹ̀sìn ni pé ẹni tí ó béèrè ni yóò mú ẹ̀rí wá, ẹni tí ó sẹ́ ni yóò búra. Ẹ wo bí ó ti rí fún oníṣẹ́ tí kò kọ nǹkankan: ìbúra ẹnì kejì rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀.

Lílọ sí ilé ẹjọ́ ni ìkẹyìn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ ẹni. Ìpínlẹ̀ Èkó dá kóòtù fún gbèsè kéékèèké sílẹ̀ ní ọdún 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ nígbà náà, ìwé ìbéèrè owó sì ni wọ́n ní kí olùpẹjọ́ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ní Èkó kan náà, ọdún 6 ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tí yóò pẹjọ́ lórí irú àdéhùn báyìí. Ẹni tí kò mọ déètì gbèsè rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ọdún mẹ́fà ti pé?

Ikú kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kí ó parí ìṣirò. Bukhari gba ìtàn gbèsè Zubayr ibn al-Awwam wá. Bí ènìyàn bá gbé owó wá fún un pé kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀, Zubayr yóò ní rárá, kí ó jẹ́ gbèsè lọ́rùn òun, nítorí ó ń bẹ̀rù kí owó náà má baà ṣòfò. Nígbà tí ó kú, Abdullah ọmọ rẹ̀ ṣe ìṣirò gbèsè náà, ó jẹ́ 2,200,000. Ó san án tán. Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ní kí ó pín ogún, ó kọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi ń kéde ní àsìkò Háàjì pé ẹni tí Zubayr bá jẹ ní owó kí ó wá gbà á. Nínú àwọn ọmọ wa, ta ni yóò fi ọdún mẹ́rin kéde gbèsè tí baba rẹ̀ kò kọ sílẹ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdáríjì, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan yóò ní a ti sọ ẹ̀sìn àánú di ẹ̀sìn ìṣirò. Ọlọ́hun ní kí a fún ajigbèsè tí ara ń ni ní àyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Ó sì ní bí a bá fi ta á lọ́rẹ, ó dára jù fún wa. Áyà 280 nìyẹn, kò sí ju áyà kan lọ láàárín rẹ̀ àti èyí tí ó pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye tí a jẹ ẹ́ kò lè mọ iye tí ó fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Bí o bá dárí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ jin ẹnì kan, kọ òun náà sílẹ̀: iye tí ó jẹ́, iye tí o fi sílẹ̀, ọjọ́ tí o fi í sílẹ̀, kí o fọwọ́ sí i, kí o sì fún un ní ẹ̀dà rẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ má baà lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́la.